Ọdẹ Tó Ń Wúkọ́ Wọ Igbó

Ẹ̀yin ọmọ Òkè-Ọ̀gán, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ gbé ìbọn kọ́ èjìká jáde láàárọ̀ tí ẹ sì gbé ọwọ́ òfìfo wálé, mo kí yín. Mo kí ẹni tó jókòó, mo kí ẹni tó fẹ̀yìn ti ògiri, mo kí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kó lè tètè sá lọ bí ọ̀rọ̀ arúgbó bá gùn jù. Ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ sì kú ojú lọ́nà òjò. Èmi ni Ọdẹ́rìndé, ọmọ bíbí ìlú yìí, ìlú tí ọ̀gán pọ̀ níbẹ̀ ju ilé lọ. Bàbá mi ṣọdẹ níbí, bàbá tó bí i ṣọdẹ níbí, èmi náà sì ti fi ẹsẹ̀ méjèèjì yìí la igbó àti ọ̀dàn kọjá títí orúnkún fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jà.

Mo gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ lẹ́yìn mi. Ẹ ní ìgalà tí ẹ ti ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti ìdájí, bó ṣe kù díẹ̀ kí ẹ yìn ín ni arúgbó kan wúkọ́ lẹ́yìn yín, ẹran sì fò wọ igbó. Ẹ ní kí wọ́n máa fi mí sílé. Ẹ kò jẹ̀bi, nítorí ọdẹ tó ń wúkọ́ wọ igbó kò yàtọ̀ sí olè tó ń kí onílé kó tó wọlé. Ṣùgbọ́n ikọ́ mi kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe ogbó. Ẹnì kan ni mo ń wú u fún. Ẹ yá mi létí, kí òjò tó ṣú yìí tó dé, kí n sọ ẹni náà fún yín.

Nígbà tí agbára ṣì wà lápá mi, mo fẹ́ obìnrin kan tó ń jẹ́ Ìbídùn, ọmọ àwọn tí ń ṣe òrí nísàlẹ̀ odò. Ọlọ́run kò fún wa lọ́mọ. Lọ́dún kan, oníṣòwò kan láti òkè ọya ń kọjá lọ, abo ẹṣin rẹ̀ bímọ sẹ́bàá odi ìlú wa, ó sì kú. Oníṣòwò kò lè dúró, ó fi ọmọ ẹṣin náà, tó jẹ́ abo, sílẹ̀ fún igún. Ìbídùn gbé e wálé bí ẹni gbé ìkókó, ó fi wàrà ewúrẹ́ àti omi ẹ̀kọ bọ́ ọ, ó fi òrí pa á lára, ó tẹ́ ẹní fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Nígbà tó dàgbà tó ń sáré, pátákò rẹ̀ ń dún bí òjò àkọ́rọ̀ lórí òrùlé, nítorí náà Ìbídùn sọ ọ́ ní Ẹsẹ̀-Òjò. Ohun tó wuni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Ẹṣin kan ṣoṣo yìí ni ọrọ̀ wa.

Kò pẹ́ tí ikú mú Ìbídùn. N kò ní sọ bí ó ṣe mú un, nítorí ẹnu mi kò gbà á. Ẹsẹ̀-Òjò nìkan ló kù láyé tó mọ ọwọ́ obìnrin náà bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Bí mo bá sá aṣọ rẹ̀ sóòrùn, ẹṣin á wá, á ti imú bọ aṣọ náà, á sì pẹ́ níbẹ̀. Àwa méjèèjì ń ṣọ̀fọ̀ ẹnì kan náà.

Àfi bó ṣe di ọjọ́ kan tí Ẹsẹ̀-Òjò ń gun àpáta etí odò, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, tó fi ìbàdí balẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀tún kò ti tẹlẹ̀ mọ́, tó ń wọ́ ọ tẹ̀lé ara bí ẹni wọ́ igi ìdáná bọ̀ láti oko, tí ẹran itan náà sì ń gbẹ. Àwọn ẹlẹ́ṣin ìlú ní ẹṣin tí kò lè rìn ti di ẹran. Apẹran wá sí ilé mi, mo sì lé e jáde. Mo lo ewé, mo lo egbò, kò ràn án.

Mo jáde lọ wá ẹran pa, mo rí àparò kan lórí ọ̀gán, mo na ìbọn sí i. Ó wò mí, ó ní kí n má fi ẹ̀tù ṣòfò, pé omijé kò jẹ́ kí n rí ibi tí mo ń yìn ín sí. Ẹ̀yin náà mọ àparò, kì í pa ọ̀rọ̀ mọ́ inú. Ó bi mí ohun tó ń pa mí lẹ́kún, mo sọ fún un, ó sì júwe Ọ̀dàn Àìgùn fún mi, ọ̀dàn tí ẹnikẹ́ni kì í ti gun ẹṣin, níbi tí àwọn àgbà ẹṣin ti ń kọ́ ẹni tó bá ní sùúrù bí a ṣe ń dá ìrìn padà fún ẹṣin tó rọ. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo fi Ẹsẹ̀-Òjò sílé fún ìyá ìyàwó mi láti máa ṣọ́, mo di ẹrù, mo lọ.

Ọ̀nà náà jìn. Mo dé ibi tí àparò ní n ó ti rí òkè kan, mi ò rí i. Àwọn èkúté ibẹ̀ sọ fún mi pé òkè ti sọ̀ lọ mu omi. Mo jókòó títí ó fi dé, mo kí i kú ìrìn, mo gùn ún kọjá. Ní ìsàlẹ̀ lódìkejì ni Ọ̀dàn Àìgùn wà, igi kan tó ń so ìjánu dúró lẹ́nu ibodè rẹ̀, abo ẹṣin arúgbó kan sì wà lábẹ́ igi náà, irun ọrùn rẹ̀ funfun. Yèyé Arìngbẹ̀rẹ́ ni wọ́n ń pè é, òun sì ni olórí àwọn olùkọ́. Ẹni a bá lábà ni baba; mo dọ̀bálẹ̀.

Ó ní, “Ọdẹ, ta lo wá kọ́ṣẹ́ fún?”

Mo ní, “Ẹṣin mi ni, Yèyé.”

“Ẹṣin rẹ ni, àbí ara rẹ?”

Mo ní ọ̀kan náà ni. Kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní ibi tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ó sì já ìjánu kan lórí igi, ó fi bọ̀ mí lẹ́nu. Wọ́n dì mí ní gàárì, wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ sí abẹ́ gìgísẹ̀ mi, wọ́n ní kí n máa rìn yí ọ̀dàn ká kí n lè mọ ohun tí ojú ẹni tó ń tiro ń rí. Ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́. Nígbà tí wọ́n tú mi sílẹ̀, n kò tún jẹ́ fi ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí n lọ tọ́jú aláìsàn, mo lọ bí bàbá mi ṣe kọ́ mi: mo gba ẹ̀yìn, mo dojú kọ afẹ́fẹ́ kí ó má gbóòórùn mi, mo sì yọ́ ẹsẹ̀ débi pé koríko kò mọ̀ pé mo kọjá. Ẹṣin náà ta mí nípàá, mo balẹ̀ sínú ẹ̀gún. Ìnàkí kan tí àwa méjèèjì jọ ń kọ́ṣẹ́ rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó. Ṣùgbọ́n Yèyé Arìngbẹ̀rẹ́ wá dúró lórí mi.

Ó ní, “Bí a ṣe ń dé bá ẹni tí a fẹ́ pa lo mọ̀. Ẹni tí ń jẹ̀rora kò gbọdọ̀ bá ọ lójijì. Máa wúkọ́ kí o tó dé, kó mọ̀ pé ìwọ ni.”

Ibẹ̀ ni ikọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Mo kọ́ bí a ṣe ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ wá ibi tó gbóná lára ẹṣin, bí a ṣe ń fi aṣọ tí a rẹ sínú omi gbígbóná jó iṣan tó le, bí a ṣe ń fi òrí wọ́ itan láti òkè wá sísàlẹ̀, bí a ṣe ń gbé ẹsẹ̀ tó rọ, kí a nà án, kí a ká a, kí a tún nà án, láìfi agbára gba ohun tí sùúrù lè gbà. Odò kan wà níbẹ̀ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Bí a bá ní kó dé orúnkún, á dé orúnkún, bí a bá ní kó dé ikùn, á dé ikùn, àwa akẹ́kọ̀ọ́ á sì máa mú aláìsàn rìn nínú rẹ̀ kí omi lè bá a gbé ara. Lẹ́yìn omi, a ó tẹ́ igi sílẹ̀ kó máa gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí wọn. Yèyé ní ẹsẹ̀ a máa gbàgbé ìrìn bí ènìyàn ṣe ń gbàgbé orúkọ, iṣẹ́ wa kò sì ju pé kí a máa rán an létí. Ìnàkí ní ọwọ́ jù mí lọ, ṣùgbọ́n ó ń wọ́ ẹsẹ̀ aláìsàn kánkán kó lè lọ jẹun, wọ́n sì dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà ìdánwò, wọ́n fi aṣọ bò mí lójú, àwọn ẹṣin ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì fi etí mọ èyí tí nǹkan ń dùn nínú wọn àti ibi tó ti ń dùn ún.

Ẹ̀kọ́ tó kẹ́yìn ni èyí tí kò jẹ́ kí n sùn dòní. Yèyé Arìngbẹ̀rẹ́ gbé ìka mi lé ojú kan ní ìbàdí ara rẹ̀, ó ní ibẹ̀ ni a ti ń tú ẹsẹ̀ tó dì, ibẹ̀ náà ni a sì ti ń dè é. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lódì, ẹṣin náà á tiro títí ayé. Ó ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ẹsẹ̀.

Mo bi í, “Ta ló ni ẹsẹ̀, Yèyé?”

Ó ní, “Ẹni tó ń fi rìn.” Ó fẹ́ atẹ́gùn imú rẹ̀ sí mi létí méjèèjì, láti ọjọ́ náà ni mo sì ti ń gbọ́ èdè ẹṣin.

Mo délé, mo wúkọ́ lẹ́yìn ilé. Ẹsẹ̀-Òjò sọ̀rọ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní òun ti ń gbọ́ mi bọ̀ láti ìdí ọ̀gán. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún, nítorí bí Ìbídùn ṣe ń fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu ni ẹṣin náà ṣe ń fà á. Mo bi í ibi tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ lọ bí ó bá rí i gbà padà. Ó ní òun fẹ́ sáré dé etí odò tí Ìbídùn ti máa ń fọṣọ, kí òun sì sáré padà. A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo wọ́ ọ, mo jó o, mo mú un wọ odò, mo tẹ́ igi fún un, ọ̀gbẹlẹ̀ wá, ọ̀gbẹlẹ̀ lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó kúrò lọ́dọ̀ mi, ó sáré dé etí odò, ó sì sáré padà. Gbogbo àdúgbò jáde wá kó aṣọ tí wọ́n sá, wọ́n rò pé òjò ń bọ̀ ni.

Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò rántí pé etí ọba náà ń gbọ́ ohun tí àdúgbò ń gbọ́. Ibi tó wu ẹfúùfù lẹ́lẹ́ ní í darí igbó sí, ibi tó wu olówó ẹni ní í ránni lọ. Ogun bẹ́ sílẹ̀, ọba ní kí wọ́n kó gbogbo ẹṣin ìlú wá síwájú ààfin. Ẹ̀ṣọ́ Lágbàyí, ọ̀kan nínú àwọn olórí ogun, ni ó ń yẹ̀ wọ́n wò: èyí tó bá rìn dáadáa á lọ sójú ogun, èyí tó bá tiro á padà sílé.

Ó kàn wá. Ẹ̀ṣọ́ Lágbàyí ní, “Bàbá ọdẹ, ẹ jẹ́ kó rìn kí n wò ó.”

Ọwọ́ mi ti wà ní ìbàdí rẹ̀. Ìka mi ti wà lójú ibẹ̀ gan-an. Títẹ̀ kan péré, a ó jọ padà sílé, n ó sì máa rí i ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi títí ọjọ́ tí n ó kú. Ṣùgbọ́n a ti kọ́ mi níṣẹ́. Mo tẹ ẹnu mọ́ ọn létí, mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, “Ọdẹ́rìndé, ogun kọ́ ni mo ń fẹ́, ẹsẹ̀ mi ni mo ń fẹ́. Ìbídùn kọ́ mi ní ìrìn, ìwọ náà tún kọ́ mi. Má fi ìrora so mí mọ́lé. Mú ọwọ́ rẹ kúrò. Bí ogun bá tú, n ó máa bọ̀. Ìwọ ṣáà máa wúkọ́, kí n lè mọ ibi tí ilé wà.”

Mo mú ọwọ́ mi kúrò. Ó rìn. Kò sí ẹṣin tó rìn tó o lọ́jọ́ náà, Ẹ̀ṣọ́ Lágbàyí sì kí mi kú iṣẹ́. Mo tẹ̀lé wọn dé ibodè ìlú, mo ń wúkọ́ títí ọ̀fun mi fi bó, mo sì ń rí i bó ṣe ń dá etí rẹ̀ sẹ́yìn, títí eruku fi bò wọ́n.

Ogun tú. Àwọn tó padà kò pọ̀. Akọ ẹṣin kan tí ọfà ti ya lápá wà lára wọn, èmi ni wọ́n gbé e fún láti tọ́jú. Bí mo ṣe wúkọ́ tí mo sún mọ́ ọn, ó yí ojú sí mi. Ó ní ní ọjọ́ tí ogun tú, tí olúkúlùkù ń sá, abo ẹṣin kan kò sá. Ó dúró láàárín ìró ìbọn, ó gbé orí sókè, ó ń dá etí síhìn-ín, ó ń dá a sọ́hùn-ún. Ó ní òun pè é pé kó máa bọ̀. Abo ẹṣin náà ní kí òun ṣe sùúrù díẹ̀, pé ẹnì kan máa tó wúkọ́.

Mo sì ń wú u, ẹ̀yin ọmọ mi. Ní ọjọ́ náà gan-an, ní ibodè ìlú yìí, mo ń wú u. Ọ̀nà ló jìn.

Èmi ni mo ń tọ́jú ẹsẹ̀ ẹṣin ìlú yìí láti ìgbà náà. Ohun tí mo fi kọ́gbọ́n kò pọ̀: ẹni tí o bá wò sàn, má ṣe so ó mọ́lẹ̀, nítorí òun ló ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tàn yín pé ọwọ́ tó tú ẹni sílẹ̀ kì í dun ọlọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń dùn mí. Ó ń dùn mí báyìí.

Ẹ dákẹ́ ná. Ẹ gbọ́ orí òrùlé. Mo mọ̀ pé òjò ni, mo máa ń mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n wúkọ́ ná.

Ó tó. Ẹ dìde, ẹ máa lọ kí ọ̀nà tó kún. Kí ẹsẹ̀ tó gbé yín wá gbé yín délé, kí ẹni tí ẹ ń retí gbọ́ ohùn yín. Ẹ má ti ilẹ̀kùn mi bí ẹ bá ń jáde.