Ohun Tó Mú Ẹyẹlé Máa Tẹrí Ba

Nígbà láéláé, nígbà tí Ẹyẹlé ṣì ń gbé orí sókè rìn bí ọmọ ọba, òun ni olórí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ẹranko. Ohùn rẹ̀ a máa dún ketekete. Bó bá ti lé orin, tọmọdé tàgbà a dìde. Òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó tiẹ̀ mọ̀ ọ́n jù!

Orin kan wà tó fẹ́ràn ju gbogbo orin lọ. Bàbá bàbá rẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún ìdílé wọn.

"Orin ọ̀run nìyí o," a máa sọ fún àwọn akọrin. "Ẹ má bà á jẹ́ fún mi."

Ní àkókò yẹn, ọmọ kì í dúró fún Ìrẹ̀. Márùn-ún ló bí, márùn-ún ló sin. Wọ́n sọ ẹkẹfà ní Málọmọ́, ó sì dúró. Nígbà tó pé ọdún kan, tó ń fò kiri ilé, Ìrẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀ ní àwọn ń lọ dúpẹ́.

Ọjọ́ Ìsinmi pé, wọ́n jáde síwájú pẹpẹ, ìyá pọn ọmọ. Bí wọ́n ti máa ń ṣe, Ẹyẹlé bi wọ́n pé, "Orin wo la ó bá yín jó?"

"Ọ̀gá akọrin, ẹ ṣeun," ni Ìrẹ̀ wí. "Mo jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bọ́mọ yìí bá yè, èmi fúnra mi ni n ó kọrin. Mo ti ṣe é sílẹ̀."

Ló bá fi ìyẹ́ kan ha ìkejì. Háà! Orin náà gbóná. Irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń jó nígboro ni, ṣùgbọ́n orúkọ Ọlọ́run ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Àwọn tó ń sùn lẹ́yìn jí. Ọ̀kẹ́rẹ́ ti ń mi ìdí. Ẹsẹ̀ Ẹyẹlé alára ti ń jó lábẹ́ aṣọ funfun rẹ̀, ohun tó sì bí i nínú gan-an nìyẹn.

"Dákẹ́!" ó kígbe. "Ta ló ní kẹ́ ẹ gbé orin ìdí ẹmu wọ ilé Ọlọ́run? Ẹ jáde!"

Ìyàwó Ìrẹ̀ tún ọ̀já so, wọ́n gba àárín ìjọ kọjá, wọ́n bá tiwọn lọ.

Ẹyẹlé gbọn ìyẹ́, ó lé orin ìdílé rẹ̀. Kò tíì parí rẹ̀ tí Ìyá Ìgbín, àgbà ìjọ, fi ń mi orí.

"Màmá, ṣé kò sí o?"

"Ọmọ mi, ta ló sọ fún ọ pé ọ̀run lorin yìí ti wá? Ìdí ẹmu ni! Ojú mi ló ṣe. Lẹ́nu àwọn ọ̀mùtí la ti ń gbọ́ ọ kí bàbá bàbá rẹ tó fi orúkọ Olúwa sí i. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ kọ ọ́ níbí, wọ́n lé e jáde. Ó ń sunkún lọ lẹ́bàá ògiri níta yẹn. Èmi ni mo lọ bẹ̀ ẹ́ kó tó padà."

Ojú ti Ẹyẹlé. Ojú tì í débi pé kò mọ ibi tí ì bá fi orí pa mọ́ sí. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó rántí bó ṣe ń jó. Ló bá bọ́ aṣọ akọrin sílẹ̀, ó sáré jáde.

"Bàbá Málọmọ́! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí! Ẹ padà wá kọ orin yín!"

Ìrẹ̀ ti kó ìyàwó àtọmọ wọnú ihò lẹ́bàá ọ̀nà. Ibẹ̀ ló ti ń parí ìdúpẹ́ rẹ̀, Ẹyẹlé sì ń gbọ́ ọ kedere. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe dún lẹ́nu ihò báyìí, gbogbo rẹ̀ pa rọ́rọ́. Ó dúró títí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó kúrò níbẹ̀ díẹ̀, orin bẹ̀rẹ̀. Ó padà, orin dákẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni ìrẹ̀ ti máa ń dákẹ́ bó bá ti gbúròó ẹsẹ̀. Ẹyẹlé ní tirẹ̀ kò lè gbé ohùn sókè mọ́. Ẹ wò ó lórí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì: bó ṣe ń rìn lọ tó ń rìn bọ̀, ṣe ló ń tẹrí ba, tó ń kùn lọ́fun. Ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀, títí dòní kò tíì sẹ́ni tó dá a lóhùn.