Ewé Bọ̀tujẹ̀ Ẹ̀yìnkùlé Ìbíwùmí

"Ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́, èyí tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ni kò pé." Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ òwe yìí rí, ṣùgbọ́n ta ló mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá nínú yín? Àwọn kan ní àwọn olóògùn ló fi ń gba ara wọn sílẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ wọn bá forí ṣánpọ́n. Èmi kò bá wọn jiyàn, nítorí olóògùn mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń jẹ́. Àmọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pa ìtàn rẹ̀ fún mi. Obìnrin kan, ọkọ rẹ̀ àti adìẹ aládùúgbò wọn ló bí òwe yìí.

Ní ìlú Òkè-Àyúnrẹ́, àwọn lẹ́kulẹ́ja ló gba gbogbo ìsàlẹ̀ ọjà. Egbò igi, èèpo igi, ahun gbígbẹ, ọ̀gà gbígbẹ, kò sí ohun tí èèyàn lè fi wo ara tàbí fi wá oríire tí kò ní bá níbẹ̀. Òórùn ibẹ̀ nìkan tó láti lé ọ̀fìnkìn lọ. Wọ́n sì ní àṣà kan. Ẹni tó bá wá ra èròjà kì í ra gbogbo rẹ̀ ní ìsọ̀ kan. Yóò ra egbò lọ́wọ́ ẹni yìí, yóò ra èèpo lọ́wọ́ ẹni yẹn, kí ọlọ́jà kankan má baà mọ oògùn ilé wọn. Ọlọ́jà tó bá sì béèrè pé, "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" aláìmọ̀wàáhù ni wọ́n kà á sí.

Àwẹ̀ró, ìyàwó Láwoyin ahunṣọ, wà lára àwọn tó ń ná ọjà náà. Ọwọ́ ọ̀tún ọkọ rẹ̀ ló ṣàdédé wú, tí kò lè di òwú mú mọ́. Òfì dákẹ́ nínú ilé. Ẹ̀rù ba Àwẹ̀ró gidigidi, nítorí ọwọ́ yẹn ni gbogbo wọn fi ń jẹun, Láwoyin kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn ṣe láyé. Àbúrò bàbá ọkọ rẹ̀, ìyá arúgbó kan, ló ka oògùn ilé wọn sí i létí. Àwẹ̀ró rin ìsọ̀ dé ìsọ̀, ó ra èròjà rẹ̀, ó lọ̀ ọ́, ó pò ó mọ́ òrí, ó ń fi pa ọwọ́ náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọwọ́ kò sàn. Láwoyin wá di ẹni tó ń jókòó ti òfì rẹ̀ lásán, ojú rẹ̀ sì ń ṣe ìyàwó rẹ̀ láàánú.

Ni Àwẹ̀ró bá gbéra, ó di ọjà, inú ń bí i.

"Igi ìdáná lẹ gé fún mi," ló ń wí láti ìsọ̀ kan dé èkejì. "Ayédèrú ni gbogbo ohun tí ẹ ń tà."

Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Ìyá Èjìdé, olórí àwọn lẹ́kulẹ́ja, arúgbó tí orógbó kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, tẹ́ ẹní kan sílẹ̀ láàárín ọjà. Ó ní kí oníkálukú wá gbé díẹ̀ nínú ohun tó tà fún obìnrin náà síbẹ̀.

"Ẹ dákun, ìyá," ni Àwẹ̀ró wí, "oògùn ilé wọn ni. A kì í tẹ́ ẹ síta."

"Àṣírí ilé wọn lo fẹ́ wò sàn ni, àbí ọwọ́ ọkọ rẹ?"

Àwẹ̀ró yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n kó ẹrù náà jọ. Ìyá Èjìdé ń mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbóòórùn rẹ̀, ó ń fi eyín tọ́ ọ wò. Kò sí ayédèrú kankan níbẹ̀.

"Gbígbẹ ni gbogbo rẹ̀," ló wí níkẹyìn. "Èmi ò tíì rí oògùn ọwọ́ wíwú tí kò ní ewé tútù nínú. Kí ni wọ́n ní kí o já kún un?"

Àwẹ̀ró dorí kodò. "Ewé bọ̀tujẹ̀ pupa ni, ìyá. Mo rò pé ẹyọ ewé kan kò lè da nǹkan rú."

"Ewé tí a kì í tà rárá. Kí ló dé tí o kò já a?"

"Ẹ̀yìnkùlé Ìbíwùmí nìkan ló wà ládùúgbò wa."

Ẹ̀rín gba ọjà kan, nítorí ta ni kò mọ ìjà wọn? Adìẹ Ìbíwùmí ló ṣa ọkà bàbà tí Àwẹ̀ró sá síta, Àwẹ̀ró sọ igi mọ́ ọn, ẹsẹ̀ adìẹ kán. Láti ìgbà náà, àwọn méjèèjì kì í kí ara wọn mọ́. Obìnrin yìí lè rin gbogbo ọjà já, àmọ́ kò lè fo ọgbà aládùúgbò rẹ̀.

"Ọmọ mi," ni Ìyá Èjìdé wí, "ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́. Tìrẹ yìí, ewé rẹ̀ ni kò pé. Má bà wá lórúkọ jẹ́ mọ́. Lọ kí aládùúgbò rẹ."

Ojú ti Àwẹ̀ró títí ó fi délé. Ó bá Ìbíwùmí níbi tó ti ń gbálẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi."

Ìbíwùmí gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. "Bọ̀tujẹ̀ lo bá wá, àbí? Láti ọjọ́ tí n kò ti gbọ́ ìró òfì ọkọ rẹ mọ́ ni mo ti ń retí rẹ."

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Adìẹ yẹn ńkọ́?"

"Ó ń tiro díẹ̀, àmọ́ ó ń yé ẹyin."

Ìbíwùmí fúnra rẹ̀ ló já ewé náà, ó sì bá Àwẹ̀ró gún un mọ́ oògùn náà. Kò pẹ́ tí wíwú ọwọ́ Láwoyin fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí òfì tún dún, Ìbíwùmí ló kọ́kọ́ gbọ́, ó sì kí wọn kú oríire láti orí ọgbà.

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá wá bínú ní ìsọ̀ àwọn lẹ́kulẹ́ja, ọ̀rọ̀ Ìyá Èjìdé ni wọ́n fi ń dá a lóhùn, ó sì di òwe. Àwọn àgbà ń pa á fún ẹni tó ti sa gbogbo ipá rẹ̀ tí ọ̀ràn kò gún, tó wá fẹ́ da gbogbo rẹ̀ nù. Wọn kò ní kó lọ wá oògùn mìíràn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kó padà lọ já ewé tó kù, bó bá tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀yìnkùlé ẹni tí kò fẹ́ kí ló wà.