Yíjúsíbí tí kì í gbé ẹyin iná wá

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Àlọ́ mi ò gba igbó, kò gba ọ̀dàn. Inú ẹsẹ̀ ọmọdébìnrin kan, Ayọ̀ká, ló wọ lọ, ó sì dá lórí Yíjúsíbí, òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀.

Ìlú kan wà nínú ẹsẹ̀ náà tó kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ṣúgà ni wọ́n fi ń dáná tí ẹsẹ̀ fi ń rìn. Bí ṣúgà bá dé, wọ́n á ná ẹyin iná méjì láti mú un rọ̀. Lasíméjì, òṣìṣẹ́ mìíràn, á là á, gbà! Á di ọmọ ìyá méjì. Ìkíní á wọ ààrò, ẹyin iná méjì á yọ. Ìkejì á kẹ̀yìn sílẹ̀kùn ààrò, á máa forí sọ ògiri: gbì, gbì, gbì.

Yíjúsíbí á wá dì í léjìká mú pẹ̀lẹ́, á kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ìkejì, yíjú síbí,
*Rọra o.*
Ìkíní ti wọlé,
*Rọra o.*
Ilẹ̀kùn ò ní tì mọ́ ọ,
*Rọra o, yíjú síbí.*

Wìrì, á yíjú, á wọlé, ẹyin iná méjì á tún yọ. Ọwọ́ Yíjúsíbí kì í gbó. Mo fẹ́ràn rẹ̀, n ò ní purọ́ fún yín.

Àṣà wọn ni pé ẹni tí kò bá gbé iná wá kò gbọdọ̀ jókòó nídìí ààrò. Wọ́n fi Lasíméjì sílẹ̀, gbogbo ìlú ṣáà ń gbọ́ ariwo rẹ̀. Yíjúsíbí, tí wọn kì í rí iná lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọn kì í sì gbọ́ ariwo rẹ̀, ni wọ́n lé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n lé e, Ayọ̀ká pọn àbúrò rẹ̀, ó ń sọdá odò, omi sì kún lójijì. Ṣúgà dé, gbà! Ìkejì forí sọ ògiri. Iye iná tí wọ́n ná náà ni wọ́n rí. Òmíràn dé, bákan náà ni. Ẹ̀kẹta dé, àwọn ìkejì ti kún ẹnu ọ̀nà, ààrò ń kú lọ. Ẹsẹ̀ Ayọ̀ká kò lè rìn mọ́, omi ti kan ẹsẹ̀ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀.

Ìyá Ààrò, àgbà tó ń ṣọ́ iná, sáré tọ Yíjúsíbí lọ, ó kúnlẹ̀.

“Ọmọ mi, ọwọ́ rẹ la wò, a ò wo àwọn tó ń yí wọlé. Dákun, ọmọ ọlọ́mọ ń rì.”

“Ẹ dìde, Ìyá mi. Ẹ jẹ́ ká lọ.”

Ó dé, ó bẹ̀rẹ̀ orin:

Ìkejì, yíjú síbí,
*Rọra o, yíjú síbí.*

Wìrì, wìrì, wìrì! Gbogbo wọn rọ́ wọlé, iná sọ lau. Ayọ̀ká gun bèbè odò, ó jókòó lórí koríko, ó ń sunkún, àbúrò rẹ̀ sì ń fà á nírun.

Ẹ̀kọ́ àlọ́ mi rèé: iṣẹ́ ẹni tó ń tọ́ ẹlòmíràn sọ́nà kì í hàn lọ́wọ́ tirẹ̀, ẹ má torí ẹ̀ pè é lọ́lẹ. Ó yá, ẹ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ yín. Ó gbóná, àbí? Yíjúsíbí wà níbẹ̀. Ẹ kí i kẹ́ ẹ tó lọ sùn.