Obì tí Akínrìnọlá Gbìn

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi, ẹ ká ẹsẹ̀ kò sórí ẹní dáadáa. Ọ̀sán la ti í wá ewúrẹ́ dúdú, kí ilẹ̀ tó ṣú.

Láyé ìgbà tí reluwé ṣì ń fọn fèrè kọjá lẹ́yìn ìlú wa, ibẹ̀ ni Akínrìnọlá, ọkọ Àyọ̀ká, ti ń ṣiṣẹ́. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá gba ìsinmi, wọ́n á ra bàtà tuntun, wọ́n á máa yan kiri ìlú. Òun ní tirẹ̀, obì ló ń gbìn sóko bàbá rẹ̀.

Aṣọ ni Àyọ̀ká ń retí. Ó ní, "Obì tó ń pẹ́ kó tó so yìí, ṣé òkú mi lẹ fẹ́ fún jẹ?"

Akínrìnọlá rẹ́rìn-ín: "Máa bú mi lọ. Bí mo bá fẹ̀yìn tì, igi ò ní fẹ̀yìn tì."

Nígbà tó fẹ̀yìn tì lóòótọ́, owó oṣù dáwọ́ dúró, owó ìfẹ̀yìntì kò sì yọjú. Àyọ̀ká bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn: ṣé ilé ọmọ ni wọn yóò ti máa tọrọ jẹ?

Àṣé obì ti so wìtìwìtì! Àrìnlọ-àrìnbọ̀ oko kò tilẹ̀ jẹ́ kí orúnkún Akínrìnọlá le. Àwọn Hausa olóbì wá wọ̀ sílé wọn, wọ́n ń ṣa obì, wọ́n ń fi ewé dì í, ẹ̀rín gba ilé kan.

Nígbà tí wọ́n di ẹrù tán láfẹ̀mọ́júmọ́, Àyọ̀ká sìn wọ́n dé títì.

"Ẹ má wọ̀ sílé ẹlòmíràn lọ́dún tó ń bọ̀ o! Obì wa dùn ju tiwọn lọ!"