Adágún Tó Dìde Kúrò ní Ìlú Wa

Ẹ̀yin ènìyàn mi tí ẹ jókòó tí ẹ tẹ́tí, mo kí yín bí arìnrìn-àjò ṣe ń kí igi tó fún un ní ibòji. Ọdẹ́yalé ni mí, ọdẹ ni mí, ọmọ Ìjẹ̀sún-Omi, ìlú tó jẹ́ pé òùngbẹ ló lé àwọn baba wa débẹ̀, tí adágún gbà wọ́n mọ́ra, tí wọ́n sì búra pé àràárọ̀ ni àwọn yóò máa fi oríkì kì í kí igbá tó kàn án.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a kọ́ ilé ìgbafẹ́ yí i ká, tí àwọn àlejò ń ti ọ̀nà jíjìn wá sinmi, wọ́n ní ariwo oríkì ìdájí kò jẹ́ kí àwọn sùn, àwa fúnra wa sì pa àwọn tó ń kì í lẹ́nu mọ́. Bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, yóò rí òmíràn gbà. Àwa àgbà kò dúpẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan adágún dìde, ó ká ara rẹ̀ bí ẹní, ó bá tirẹ̀ lọ, àwọn ọkọ̀ wa sì jókòó sínú ẹrẹ̀ bí bàtà òkú.

Kábíyèsí ní kí n lọ bẹ̀ ẹ́. Mo tọ ipa tútù rẹ̀ kọjá òkè títí mo fi bá a ní àfonífojì kan, ọ̀nì dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

"Ọdẹ, o káàbọ̀ o. Ṣé yàrá tó kọjú sómi lò ń wá?"

"Ọ̀nì, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìlú mi ń kú lọ."

"Ìlú tí kò fẹ́ ariwo? Ṣebí ó ti wá dákẹ́ báyìí."

Adágún gbójú sókè. "Jẹ́ kó wá. Ọmọ Ìjẹ̀sún-Omi, kì mí, màá sì bá ọ lọ lónìí."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo la ẹnu. Èmi tí mo mọ oríkì ẹkùn, tí mo mọ ti erin, tí mo ń sun ìjálá di àfẹ̀mọ́júmọ́, ọ̀rọ̀ kan kò wá. Mo tún la ẹnu. Ohun tó jáde ni:

"Ẹ káàbọ̀ sí ilé ìgbafẹ́ wa."

Ọ̀nì fọwọ́ bojú. Kò rẹ́rìn-ín. Ká ní ó rẹ́rìn-ín ni, ì bá sàn fún mi.

Adágún ní, "Ètè rẹ ti gbẹ. Bu omi mu. A kì í fi omi du àlejò."

Àlejò! Èmi tí wọ́n fi omi rẹ̀ wẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi! Mo mu ún. Ó tutù, ó dùn, ojú sì gbà mí tì bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

Nígbà tí mo délé, Kábíyèsí bi mí pé, "Ọdẹ́yalé, ó ń bọ̀ àbí kò bọ̀?"

Mo ní, "Kábíyèsí, ta ló mọ oríkì rẹ̀ láàfin yìí?"

Gbogbo ìjòyè wolẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ṣe yín lóore máa gbọ́ ohùn yín, bó tilẹ̀ jí àlejò lójú oorun. Mo ń lọ. Kí omi ilé yín má ṣe kà yín sí àlejò láé.