Iṣu Tí Bàbá Láṣebìkan Jẹ Kí Ọjọ́ Rẹ̀ Tó Pé

"Ẹni tó wà lókè kì í bi odò léèrè ibi tó dé." Bí ọmọ Ìdí-Arère méjì bá pàdé lájò, wọn kì í pẹ́ pa òwe yìí fún ara wọn. Àwa tí a ti pẹ́ lẹ́yìn odi náà ṣì ń pa á. Ṣùgbọ́n ta ló mọ gbòǹgbò rẹ̀ nínú wa?

Etí odò Àwẹ́rẹ̀ ni wọ́n ń gbin iṣu sí, ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó lọ́ràá. Èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni wa iṣu tuntun kí àgbà oko tó kọ́kọ́ jẹ ẹ́, ọjọ́ rẹ̀ kì í sì í yẹ̀. Bàbá Láṣebìkan ni àgbà oko lọ́dún tí à ń wí yìí. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kó jẹ iṣu nígbà tí Fẹ̀hìntọlá, ọmọ rẹ̀ obìnrin, dé láti ìlú ńlá, níbi tó ti ń ka àwòrán ilẹ̀ ayé tí sátẹ́láìtì ń yà láti òfuurufú.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n wa iṣu. Omi ń bọ̀, kò ní ju ọjọ́ mẹ́ta lọ."

Ògúndáre, ọ̀rẹ́ bàbá náà, rẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ mọ́kànlá rèé tí òjò ti rọ̀ kẹ́yìn. Àpáta àárín odò ń yáàrùn bí alángbá. Ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ ló fẹ́ kọ́ wa bí odò ṣe ń rìn."

"Níbí ni kò ti rọ̀, Bàbá Ògúndáre. Ó rọ̀ lókè odò." Ó tẹ́ àwòrán sílẹ̀. "Ibi tó dúdú yìí, koríko ni lọ́jọ́ Ajé. Omi ni lónìí."

Láṣebìkan tẹjú mọ́ àwòrán náà. Ó rí ibi tí odò ti tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́, níbi tó ti máa ń dẹ ìgèrè fún ẹja nígbà èwe. Odò wọn ni lóòótọ́. Bí omi kò bá wá, wọn á ní ọ̀fun ló ń da bàbá láàmú, tọmọ rẹ̀ wá bá a wá àwáwí. Bó bá wá ńkọ́? Oúnjẹ ọdún kan á bá omi lọ.

"Ẹ wa ẹyọ kan wá," ó ní. "Bó bá di ẹ̀bi, orí mi ni kó wà."

Ó jẹ ẹ́ ní sísun, láìsí epo. Tọkùnrin tobìnrin bá ya bo oko. Ògúndáre ń kùn, àmọ́ apẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ló kọ́kọ́ kún.

Lọ́jọ́ kẹta, oòrùn ràn yàn-án. Omi pupa dé wọ́ọ́rọ́wọ́, ó bo àpáta, ó bo ebè, ó wá ku orí ọ̀pá iṣu nìkan. Iṣu ti wà lórí òkè.

"Láṣebìkan," Ògúndáre ní, "ta lọmọ yìí bi léèrè kó tó mọ̀?"

Bàbá gẹ fìlà rẹ̀. "Ọmọ mi kò bi ẹnì kankan, láti òfuurufú ló ti ń wò ó. Ẹni tó wà lókè kì í bi odò léèrè ibi tó dé."

Wọ́n ní títí dòní, kí àgbà oko tó dá ọjọ́ iṣu, ó ń kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí Fẹ̀hìntọlá. Bí ẹnì kan bá sì ń fi iwájú ilé rẹ̀ nìkan díwọ̀n ayé, tó ń fi ẹni tí ojú rẹ̀ tó ọ̀nà jíjìn ṣẹ̀sín, òwe yìí làwọn àgbà wa fi ń dá a lóhùn.