Ẹ̀kán Omi Tó Wà Nímú Ajá

Nígbà láéláé, nígbà tí ajá ṣì ń fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, imú rẹ̀ gbẹ bí èèpo igi. Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i.

Ajá tí mò ń wí yìí ń gbé ní Òkè-Wúrà, ìlú àwọn tó ń wa góòlù nínú ilẹ̀. Ògúnlùsì ni ọ̀gá rẹ̀. Láràárọ̀, kí Ògúnlùsì tó wọ kòtò, Ajá á kọ́kọ́ dé etí kòtò, á fimú fa afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Afẹ́fẹ́ burúkú a máa gbá jọ sísàlẹ̀ nígbà mìíràn, ẹni tó bá sì fà á símú kò ní jáde mọ́. Bí Ajá bá jùrù, ibẹ̀ dára. Bí ó bá gbó, kí kálukú jókòó sílé. Iṣẹ́ ńlá ni, Ajá náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ò rí bó ṣe máa ń yan lójú àwọn ewúrẹ́!

Òfin kan wà ní ìlú náà: ẹni tó bá wa kòtò tán gbọ́dọ̀ dí i kí òjò tó lọ. Lọ́dún kan, góòlù pọ̀, ojúkòkòrò sì wọ àwọn èèyàn lára. Wọ́n ń fi kòtò kan sílẹ̀ bọ́ sí òmíràn. "A óò dí i tó bá yá," ni wọ́n ń wí. Ṣùgbọ́n kò yá títí òjò fi lọ. Erùpẹ̀ wá ga bí òkìtì ọ̀gán káàkiri ìlú.

Nígbà tí Ọyẹ́ dé láti òkè ọya, inú rẹ̀ dùn.

"Ẹ ṣeun o, ará Òkè-Wúrà! Ẹ ti di ẹrù mi sílẹ̀ dè mí!"

Ló bá gbé erùpẹ̀ náà sókè, ó fọ́n ọn ká. Oòrùn ràn bí òṣùpá. Ètè là, ikọ́ ò jẹ́ kí àwọn àgbà sùn, yanrìn ń ró nínú ọbẹ̀. Eruku kún imú Ajá, imú náà sì kú. Ó kọjá lára eegun, kò mọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ajá fimú fa afẹ́fẹ́ etí kòtò, kò gbóòórùn ohunkóhun. Ó ti fẹ́ jùrù. Bẹ́ẹ̀ ni alángbá kan sáré wọ inú kòtò lọ. Kò jáde. Ẹ̀rù ba Ajá gidigidi.

"Baba mi, ẹ má wọ̀ ọ́," ó ní. "Imú mi ò ṣiṣẹ́ mọ́."

Ògúnlùsì wo kòtò, ó wo ojú ọ̀run. "Mo gbọ́. Mi ò ní wọ̀ ọ́ lónìí. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Bí mo bá jókòó títí yóò fi lọ, kí la ó máa jẹ? Lọ́la, bó ṣe wù kó rí, mà á wọ̀ ọ́."

Ajá ò lè jẹun. Ó mọ̀ pé bí ọ̀gá òun bá wọ kòtò yẹn, ó tán. Ló bá ki eré mọ́lẹ̀, ó di etí òkun, níbi tí Òjò máa ń sinmi sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó bá a níbi tó na ẹsẹ̀ sínú omi.

"Ẹ kú ìsinmi o, Ìyá."

"Ajá Òkè-Wúrà! Kí ló gbé ọ débí?"

"Eruku ni, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa rọ̀ díẹ̀."

Òjò mirí. "Èmi àti Ọyẹ́ ti pín oṣù. Èmi kì í kọjá ààlà rẹ̀, òun náà kì í kọjá tèmi. Ta ló tilẹ̀ kó erùpẹ̀ dè é?"

Ajá wolẹ̀. "Àwa ni, Ìyá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bí ẹ ò bá lè wá, ẹ fún mi ní ohun tí mà á mú lọ. Nítorí ọ̀gá mi ni."

Àánú ṣe Òjò. Ó fi ìka kán omi kan ṣoṣo sí i nímú. "Máa fi ahọ́n lá a, kó má baà gbẹ. Ṣùgbọ́n mo yá ọ ni o! Bí mo bá dé, kí o dá a padà fún mi."

"Mo gbọ́, Ìyá," ni Ajá wí. Ó ti ń sáré lọ kó tó wí i tán.

Nígbà tó dé etí kòtò láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ògúnlùsì ti so okùn mọ́dìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà nínú kòtò. Afẹ́fẹ́ burúkú náà gbá Ajá nímú. Ó gbó! Ó gbó, ó fi eyín di ṣòkòtò ọ̀gá rẹ̀ mú, ó ń fà á sẹ́yìn. Ògúnlùsì tan ògùṣọ̀, ó jù ú sísàlẹ̀. Kíá, iná náà kú. Ni ọkùnrin náà bá jókòó sórí erùpẹ̀, ó gbá Ajá mọ́ra, ó sì sunkún.

Àwọn ará ìlú dí kòtò díẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Ẹ ṣáà mọ ọmọ aráyé. Ìyókù ṣì wà níbẹ̀, ìyẹn ni Ọyẹ́ fi ń rí ẹrù gbé títí dòní.

Láti ọjọ́ náà ni imú ajá ti ń tutù, tó sì ń fi ahọ́n lá a nígbà gbogbo. Láti ọjọ́ náà pẹ̀lú ni, bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti ń kù, tí àwọn ọmọdé ń sá síta lọ wẹ̀, ajá á wọ abẹ́ àga lọ, á dùbúlẹ̀, á fi ẹsẹ̀ bo imú. Àwọn èèyàn ní òjò ló ń bà á lẹ́rù. Irọ́ ni. Ó ń gbọ́ tí Ìyá Òjò ń béèrè ẹ̀kán omi rẹ̀ lágbàlá, kò sì lè dá a padà: ọyẹ́ ṣì ń bọ̀, ọ̀gá rẹ̀ yóò sì tún wọ kòtò.